Ọdẹ́yalé àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójú Ogun

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Bí mo bá ní láti pariwo, eyín mi méjì tó kù á fò jáde, ẹ ó sì máa wá wọn kiri nínú koríko títí ọdún á fi yí po. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ bíi tèmi kò pọ̀ láyé. Ẹfọ̀n tí mo pa lọ́dún ọjọ́sí, nígbà tí orí rẹ̀ wọ ìlú, ìrù rẹ̀ ṣì wà nínú igbó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi fà á kí ìdí rẹ̀ tó dé. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi ìrù náà. Ọ̀rọ̀ òní, ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́yalé ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọdẹ́yalé ni olórí ọdẹ Ìjẹ̀dó-Òkè. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ nípọn débi pé bó bá sín ní ojúlé tirẹ̀, adìẹ ojúlé kẹta á yé ẹyin. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìbídùn, wà lọ́mọ ọdún méje. Ọdẹ́yalé kò fẹ́ ẹlòmíràn. Òun ló ń di irun ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun tó bá dì máa ń dà bí ìgbà tí ìjì bá jà nínú oko àgbàdo. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó di tísà ní ilé-ìwé ìlú.

Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí i. Dúdú ni, alágbèéká, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ á máa tan iná pupa, iná àwọ̀ ewé, iná aláró. Kì í ṣe irú èyí tí akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà. Géèmù ni wọ́n ṣe é fún, géèmù ńlá tí ogun ń jà nínú rẹ̀, tí ẹṣin ń sáré, tí èéfín ń rú. Ìbídùn mọ géèmù yìí ta. Á jókòó ní Ìjẹ̀dó-Òkè, á máa bá ẹni tó wà ní ìdà kejì ayé jagun, á sì máa nà wọ́n bí ẹni ń na aṣọ sá lórí okùn. Bàbá rẹ̀ á dúró lẹ́yìn àga, á máa pariwo: “Yìnbọn lù ú! Ó ń bọ̀ lápá òsì! Ọmọ ọdẹ ni ọ́ jàre!”

Nígbà tó yá, ìwé dé láti olú-ìlú. Ìdíje kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ìlú kejì sí tiwọn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kí oníkálukú gbé kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ wá. Ẹni tó bá gba ipò kìíní á wọ ẹgbẹ́ tí yóò lọ ṣojú ilẹ̀ wa lókè òkun. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Ìbídùn yóò sì pé e lóṣù tó ń bọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni tirẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Bí ogun bá ti gbóná, tí igi àti iná àti ẹṣin bá kún ojú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá ka ẹgbẹ̀ta, àwòrán náà á fàya bí aṣọ tó bọ́ sẹ́nu ewúrẹ́, á di ìlà pupa, ìlà funfun, ìlà àwọ̀ ewé, fáànù inú rẹ̀ á ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ojú rẹ̀ á ṣú, ó parí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó sinmi, á tún jí. Bí Ìbídùn bá fi kọ ìwé lásán, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ojú ogun nìkan ló ti ń kú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú, ẹ fi etí kan ṣoṣo gbọ́ eléyìí, kí ẹ fi èkejì ṣọ́nà kí Ọdẹ́yalé má bá wa níbí. Òjò ọdún náà le. Olú hù lára ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ níbi tó kọ́ ọ sí. Ó wo kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì, àánú ṣe é, ó ní ọ̀rinrin á jẹ ẹ́ kú. Kí ni bàbá tirẹ̀ máa ń fi ìbọn ṣe nígbà òjò? Orí àjà ilé ìdáná ló máa ń gbé e sí, lókè ààrò, láàárín ẹran gbígbẹ àti ṣírí àgbàdo, níbi tí èéfín á ti máa fẹ́ ẹ lábẹ́. Lẹ́yìn náà, á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú adí, á fi tọ gbogbo ibi tí irin bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Ìbọn náà lo ọgọ́ta ọdún, kò dípẹtà.

Bí Ìbídùn bá ti lọ sí ilé-ìwé, Ọdẹ́yalé á gbé kọ̀ǹpútà gun orí àjà. Bó bá kù díẹ̀ kí ó dé, á gbé e sọ̀, á fi ìyẹ́ adìẹ àti adí tọ àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, níbi tí fáànù ti ń mí, á fi àkísà nu ara rẹ̀ dán, á dá a padà sórí tábìlì. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú pé nǹkan òun kò gbó. Ìfẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ kò dáa: ìfẹ́ ni.

Ìbídùn ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń jẹ́ Fádùnsín. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, ìgbéyàwó ló kù. Fádùnsín ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ó ń bẹ ọ̀rọ̀ náà pé kó jọ̀ọ́ kó jáde. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdíje, Ìbídùn ránṣẹ́ pè é. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ fún un bí yóò ṣe ya àwòrán sójú. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é. Èmi náà bèèrè pé mọ́tò wo ló ń wà, wọ́n ní kí n jókòó. Fádùnsín yọ ti àtijọ́, ó kó tuntun sí i. Wọ́n ta géèmù. Wọ́n ka ẹgbẹ̀ta. Àwòrán fàya, ojú ṣú.

Fádùnsín gbé ọwọ́ sábẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbóná, ó yára fa ọwọ́ náà padà. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ǹjẹ́ ẹnì kankan ti gbé e síbi iná rí? Àbí wọ́n ti fi nǹkan pa á lára?”

Ọdẹ́yalé fẹ́ sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, òun á di ẹni tí wọ́n ń wò láti òkè wá sílẹ̀.

“Ta ni yóò gbé e síbi iná?” ló wí. “Ṣé iṣu ni?”

“Ó dáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tú ìdí rẹ̀ wò. Kò lè gbà ju wákàtí kan lọ.”

“Tú ìdí kí ni? Ìwọ tí o kó ìkókùkó sí i nínú báyìí? Dírẹ́bà rẹ yìí ló ń pa á!”

“Bàbá mi,” ni Ìbídùn wí, “ó ti ń kú kí n tó pè é.”

“Ìwọ dákẹ́! Ọkọ ò tíì gbé ẹ wọlé, o ti ń gbè é lẹ́yìn.” Ohùn Ọdẹ́yalé ń ga sí i, bí ohùn ṣe máa ń ga bí kò bá ní òótọ́ tí yóò gbé e dúró. “Fádùnsín, jáde! Mi ò fẹ́ rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ nínú ilé yìí mọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí a sọ, mo ti kó o jẹ.”

Fádùnsín dìde, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó lọ.

Ìbídùn bú sẹ́kún. Ọdẹ́yalé kò mọ ohun tí yóò fi sí ojú ẹkún náà, ló bá fi ìhàlẹ̀ sí i. Ó lu àyà, ó ní òun ń lọ sí Igbó Dáhùn-kí-o-tó-kọjá, níbi tí àwọn iwin tó mọ àrùn gbogbo ohun tó ní ojú ń gbé, òun á sì gbé kọ̀ǹpútà náà bọ̀ pẹ̀lú ìlera kí ilẹ̀ Sátidé ìdíje tó mọ́.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ náà ń wí, “wákàtí kan ni Fádùnsín sọ. Wákàtí kan péré.”

“Ìbídùn, ṣé mo ti já ẹ kulẹ̀ rí?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́yalé gbé kọ̀ǹpútà sínú àpò ọdẹ, ó wọ igbó. Bí ó ṣe rìn, ẹ má bi mí. Ẹsẹ̀ kan ni ó gbé ní Ìjẹ̀dó-Òkè, ó gbé èkejì sílẹ̀ níbi tí igi ti ń fi gbòǹgbò rìn tí wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Oníbodè àkọ́kọ́ jókòó sójú ọ̀nà, Agbétuntunmì lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó bá jẹ́ tuntun, gbígbé ló ń gbé e mì. Kí Ọdẹ́yalé tó kí i tán, ó ti gbé bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀ mì, ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì gbóòórùn ọbẹ̀ tó jẹ láàárọ̀, ó ní ìyẹn náà tuntun ni, ó na ọwọ́ sí ikùn rẹ̀. Ọdẹ́yalé bá a jìjàkadì. Wọ́n wó igi ogójì. Wọ́n jà débi pé òkè kan tó wà nítòsí kó ẹrù rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, iwin náà mí hẹ̀ẹ̀, ó ní:

“Ọdẹ, o gbójú. Mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Àìsàn nǹkan inú àpò rẹ yẹn, ṣé nígbà tí wọ́n kó ohun tuntun sí i nínú ló bẹ̀rẹ̀, àbí ó ti wà ṣáájú?”

Ó mọ ìdáhùn. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé ó ti wà ṣáájú, kí ló dé tó fi lé Fádùnsín?

“Nígbà tí wọ́n kó tuntun sí i ni,” ó dáhùn.

Agbétuntunmì ní ó dáa. Ó fa tuntun náà yọ láti inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìka bí ọ̀pá ọkọ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ti àtijọ́ tí Fádùnsín yọ. Ọjọ́ méjì ló fi ń pọ̀ ọ́. Wọ́n dá a padà síbi tó wà. Ọdẹ́yalé tan géèmù bí Ìbídùn ṣe kọ́ ọ, àwọn ẹṣin sáré, iwin ń fi orógbó kà. Ó di ẹgbẹ̀ta, àwòrán fàya, ojú ṣú.

Iwin náà wò ó títí. “O mú mi pọ ohun tí kò yẹ kí n pọ̀. Kọjá. Ọjọ́ méjì rẹ ti lọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn, kò yẹ kí ó ti gbọ́n? Ẹ má dáhùn. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ó dé Ìlú Ebi. Àwọn ará ibẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, o kò ní rí i mọ́, àfi kó tún kọjú sí ọ. Okùn kan ń jáde láti ìdodo ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó lọ so mọ́ igi ràbàtà kan láàárín ìlú, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa oúnjẹ. Ẹni tí okùn rẹ̀ bá já, á ṣubú lójú ẹsẹ̀, wọn á máa tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n so okùn mọ́ Ọdẹ́yalé náà lára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n so mọ́ ọn, ṣe ló ń fa oúnjẹ jáde lára rẹ̀. Iṣu tó jẹ lọ́dún tó kọjá kọjá lọ lójú rẹ̀ báyìí. Ó fi eyín gé okùn náà, ó fò dúró níwájú ọba wọn, Fàmífàmí.

Fàmífàmí ní, “Àwọn tí ebi ń pa la máa ń tọ́jú níbí. Dá mi lóhùn: ṣé bó bá jókòó jẹ́jẹ́ náà ló máa ń kú, àbí ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára nìkan?”

Èyí kò tilẹ̀ mú ìtìjú dání. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ọdẹ́yalé. Bó bá pa òkété, ó di ìgalà kí ó tó délé. Ó ní àìsàn kékeré kò yẹ ọdẹ ńlá.

“Kábíyèsí, bó bá jókòó, á kú. Bó bá sùn, á kú. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á kú kó tó jẹ́ mi. Lójúmọ́ kan, mo sin ín ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá.”

Àwọn ará ìlú káàánú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ebi ni, ṣájà rẹ̀ kò gbé oúnjẹ tó wá. Wọ́n so ó mọ́ igi ràbàtà, wọ́n fi ọjọ́ méjì bọ́ ọ ní yó, àwọn fúnra wọn sì gbààwẹ̀ kó lè rí jẹ. Àgbàlagbà méjì ṣubú nítorí rẹ̀. Wọ́n tan géèmù. Ẹgbẹ̀ta. Àwòrán fàya.

“Ó dúró jẹ́jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ méjì tí a fi ń bọ́ ọ,” ni Fàmífàmí wí. “Kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ìgbéraga lo wá fi pa àwọn àgbààgbà mi méjì?”

Ọdẹ́yalé gbé àpò rẹ̀. Ọjọ́rú ti mọ́. Nínú igbó yẹn ni ó ti ń rántí ojú Ìbídùn, ó sì ń yára kí ojú náà má bàa bá a.

Ibi tó dé kẹ́yìn jẹ́ ilé amọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé. Obìnrin arúgbó kan wà níbẹ̀, Ìyá Onímú-Mẹ́wàá. Imú mẹ́wàá ló tò sójú rẹ̀ bí ìkòkò lórí pẹpẹ, bó bá mí sínú, aṣọ ara rẹ á fẹ́ bọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sún mọ́ ojú, ó gbóòórùn rẹ̀, imú rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hunjọ. Kò sọ ohun tó gbọ́.

“Níbo ló máa ń wà lọ́sàn-án?”

“Lórí tábìlì ọmọ mi, Ìyá. Lórí aṣọ funfun.”

Ooru inú ilé náà lé sí i. Irùngbọ̀n Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

“Kí ni wọ́n fi pa á lára?”

“Nǹkan kan ò kàn án. Àfi ọwọ́ Fádùnsín.”

Òógùn rẹ̀ ń hó kó tó bọ́ sílẹ̀. Màmá náà fà sẹ́yìn, ó ní, “Ó dáa. Mo ní àlọ́ kan. Ta ló ń sáré lójú kan náà, tó ń mí nínú èéfín, tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé sì di ní imú?”

“Alágbẹ̀dẹ!” ni Ọdẹ́yalé pariwo. Ó dá a lójú. Ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

“Jẹ́ ká wò ó,” ni Ìyá Onímú-Mẹ́wàá wí.

Ó gbá ọdẹ mú ní ọrùn ẹ̀wù, ọkùnrin tí èmi àti ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbé, ó gbé e sórí àjà lókè ààrò rẹ̀. Ó fín iná sí abẹ́ rẹ̀. Ó ti ìyẹ́ ògòǹgò bọ inú adí, ó fi tọ ihò imú rẹ̀ méjèèjì, ó wá fi èéfín lé e títí èéfín àti adí fi dì pọ̀ níbẹ̀ bí àkàrà tó jóná. Ó ní kó máa sáré lójú kan.

Ó sáré. Ìgbà tó ka ọgọ́rùn-ún, àyà rẹ̀ ń lu. Ní ọ̀ọ́dúnrún, orí rẹ̀ gbóná bí irin. Ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ohun tó wà níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlà pupa, ìlà funfun, ìlà àwọ̀ ewé. Ní ẹgbẹ̀ta, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú.

Màmá náà da omi lé e lórí. Bó bá ti jí, yóò bi í léèrè ìbéèrè méjèèjì yẹn, yóò purọ́, ooru yóò sì gba ilé kan. Yóò tún gbé e padà sórí àjà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ méjì! Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, ó fi ọjọ́ méjì ọmọ náà ra ojú tí kò fẹ́ kó ti òun, níwájú arúgbó kan tó jẹ́ àjèjì sí i nínú igbó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó jí fún ìgbà kejìlélógún, ó jókòó sílẹ̀, kò dìde.

“Èmi ni,” ó wí.

“Èmi wo?”

“Orí àjà ni mo ń gbé e sí. Adí ni mo fi ń tọ ihò rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe ìbọn ni. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rinrin jẹ ẹ́.”

Gbogbo ilé náà tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Onímú-Mẹ́wàá mú ẹ̀gún igi kan, ó fi tú ìdí kọ̀ǹpútà. Fáànù méjì tó wà nínú rẹ̀ ti dúdú, abẹ̀bẹ̀ wọn ti lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú adí àti èéfín àti eruku, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ fi lè kọjá. Ibi tó ń ya àwòrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń jó. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un, ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, á sì kú kó má bàa jóná.

Màmá náà fi irun ìrù ìgalà gbọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ tó kì bọ ẹmu tó ti le gan-an nù ún, ó fẹ́ ẹ gbẹ pẹ̀lú imú kan ṣoṣo, ó dé e padà. Èèyàn kan kò tíì lè jẹ àwo iyán kan tán láàárín àkókò náà. Wọ́n tan géèmù. Wọ́n ka ẹgbẹ̀ta, ó ń lọ. Wọ́n ka ẹgbàá, ó ń lọ. Àwọn ẹṣin ń sáré, iná ń jó, ojú rẹ̀ mọ́ bí omi orísun. Ìgbà tó di ẹgbàáta, màmá náà ní kí ó máa lọ.

“Ọmọkùnrin tí o lé,” ó bèèrè, “kí ni ó ní òun fẹ́ ṣe?”

“Ó ní òun fẹ́ tú ìdí rẹ̀ wò.”

Màmá náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdẹ́yalé ní gbogbo ìyà tó jẹ nínú igbó yẹn, àìsọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún jù.

Ó sáré. Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró de òun. Ó fo odò mẹ́ta láìwo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó náà kò ní ọ̀nà àbùjá fún ẹni tó ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tó yọ sí ojúde ilé rẹ̀, oòrùn Sátidé ti yẹ̀ sí apá ìwọ̀. Aago mẹ́rin ti lù.

Ìbídùn jókòó sórí pèpéle. Ó wọ aṣọ tó rán fún ìdíje náà, ó di irun rẹ̀ dáadáa, ó wọ bàtà. Ó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

Kò sọ pé “Bàbá mi”. Ọdẹ́yalé gbọ́ ìyẹn. Ó yọ kọ̀ǹpútà, ó ṣí i sórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó tan géèmù náà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Ó kọjá ẹgbẹ̀ta, ó kọjá ẹgbàá, kò fàya. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tó dé láti òkè òkun.

“Kí ló ṣe é?” ni Ìbídùn bèèrè.

Ọdẹ́yalé la ẹnu. Ìtàn kan ti dúró síbẹ̀, ó wuyì, ó kún: iwin olórí ogójì kan ló jókòó sínú rẹ̀, òun bá a jà fún ọjọ́ mẹ́fà, òun gé orí mọ́kàndínlógójì. Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ mọ̀ pé ì bá sọ ọ́ dáadáa. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

“Èmi ni. Orí àjà ni mo ń gbé e sí bí o bá ti lọ sí ilé-ìwé. Mo ń fi adí pa á. Adí àti èéfín ló di fáànù. Mo mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí Fádùnsín bi mí. Mo purọ́.”

Ìbídùn kò sunkún. Ó rọra pa kọ̀ǹpútà dé.

“Fádùnsín mọ̀,” ó wí. “Ó gbóòórùn adí lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ojú á tì yín. Ó ní bí ẹ bá fi lè jẹ́ kí òun tú u nìkan, òun á nù ún, òun á sì sọ pé eruku lásán ni.”

Ọdẹ́yalé dìde. “Jẹ́ kí n lọ pè é wá. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́.”

“Ó ti lọ láti ọjọ́bọ̀. Àwọn kan pè é síṣẹ́ níbi tó jìnnà, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń dá wọn dúró nítorí ìgbéyàwó wa. Ó ní ṣé kí á jọ máa lọ.” Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi sọ pé òun ń gbé kọ̀ǹpútà mi bọ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́.”

Ó dìde, ó wọlé, ó lọ bọ́ aṣọ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Ọdẹ́yalé rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Fádùnsín wà ní títì, àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti yọ pátákó orúkọ kúrò, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ. Olórí ọdẹ Ìjẹ̀dó-Òkè, ọkùnrin tó ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilẹ̀kùn náà. Ó na ara rẹ̀ tán pátápátá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀.

Ogunlọ́gọ̀ ń kọjá. Ẹnì kan pariwo láti àárín wọn: “Ọdẹ, àrìnpa o! Kí lẹ dọdẹ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn? Ṣé èèrà ló kù láti pa?” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń retí kí ó dáhùn. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń dáhùn. Kò gbé orí sókè.

Èmi ni mo pariwo yẹn. Ìgbà tí mo wá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, àwàdà ló sì jáde lẹ́nu mi. Ìyẹn ni mo ṣe wá jókòó sọ ọ́ fún yín lónìí láìfi nǹkan kan kún un. Àfi ti òkè tó kó ẹrù rẹ̀ nìkan. Ó kù sọ́wọ́ yín; ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbé e délé.